Ta Ni Yóò Pọn Ọmọ ní Ìlú Pípé?

Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń fi ìtàn dá ìlú pípé sílẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó fòpin sí ogun, kí wọ́n pín oúnjẹ kárí, kí wọ́n sì lé òṣì jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun tó ń ké lóru, ìrìn wọn a máa falẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde sí ọmọ náà. Ta ni ẹni ọ̀hún, kí ni yóò pàdánù nítorí pé ó dìde, ta ló sì fún ìlú láṣẹ láti pinnu ẹni tó yẹ kó dìde àti ẹni tí kò yẹ? Ìbéèrè yìí ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní utopia, ìyẹn ìtàn nípa àwùjọ tí kò sí níbì kankan, tí òǹkọ̀wé gbé kalẹ̀ bí èyí tó sàn ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé lọ. Ó sì tún le sí i nígbà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá di ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, níbi tí ìmọ̀ nípa ara àti ẹ̀rọ ti lè yí ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wá sáyé padà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Plato, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ilẹ̀ Gíríìsì, dábàá nínú Republic pé láàrin àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, kí òbí má mọ ọmọ tó jẹ́ tirẹ̀, kí ọmọ má sì mọ òbí rẹ̀, kí gbogbo wọn lè máa wo ara wọn bí ẹbí kan ṣoṣo. Thomas More, tí ìwé rẹ̀ Utopia jáde ní 1516, gba ọ̀nà mìíràn: ní erékùṣù tirẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, àfi bí ikú tàbí àìsàn bá dí i lọ́wọ́. Bí àbá àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, ohun kan pa wọ́n pọ̀: ètò ni wọ́n ṣe fún ìyá, wọn kò bi í léèrè. Nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ìwé yìí fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ yí padà, kò sì sí ibi tí ìyípadà náà ti hàn tó, tó sì ti mú ìrora lọ́wọ́ tó, bí Herland, ìtàn tí Charlotte Perkins Gilman ọmọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ìpín-ìpín lọ́dún 1915 nínú The Forerunner, ìwé ìròyìn olóṣooṣù tí òun nìkan ń kọ, tí òun náà sì ń tẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó kó o jọ di ìwé odidi, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti 1935.

Ọkùnrin mẹ́ta ará Amẹ́ríkà ló fi ọkọ̀ òfuurufú wọ ilẹ̀ kan tí òkè yí ká nínú ìtàn náà, tí wọ́n sì bá nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta obìnrin níbẹ̀, láìsí ọkùnrin kan láàrin wọn láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ogun àti ọ̀tẹ̀ ti pa àwọn ọkùnrin wọn run, obìnrin kan lóyún láìmọ ọkùnrin, ó bí ọmọbìnrin márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bí márùn-ún tirẹ̀, títí ìran tuntun fi kún ilẹ̀ náà. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí wọn kò kọ́kọ́ rò bí yóò ti rí fún ọmọdé. Igi igbó tí kò so ohun jíjẹ ni wọ́n fi eléso rọ́pò; nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́, kò sí iná tí yóò jó wọn, kò sì sí àtẹ̀gùn tí wọn yóò ti ṣubú. Ológbò wọn pàápàá, èyí tó bá wù wọ́n nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó bímọ, láti ìran dé ìran, títí ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ pípa fi kúrò lára wọn. Kíkà tí ènìyàn bá ka ọ̀rọ̀ ológbò yìí lákọ̀ọ́kọ́, bí ohun ìpanilẹ́rìn-ín lásán ni yóò ti rí létí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ka ìwé náà síwájú ni yóò rí i pé ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi tún ológbò ṣe ni wọ́n fi ń tún ara wọn ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ má gbà wọ́n mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin yóò máa bí, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n bá dá lọ́lá pẹ̀lú ìkejì. Oyún kì í dédé wá bá wọn. Ọkàn obìnrin ni yóò kọ́kọ́ fà sí ọmọ, ara a sì tẹ̀ lé ọkàn. Nítorí náà, ẹni tí ìfẹ́ ọmọ bá gbà lọ́kàn nígbà tí ààyè kò tíì sí a máa fi iṣẹ́ líle pa á rẹ́, a sì máa lọ tọ́jú ọmọ àwọn ẹlòmíràn títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá tó mọ bí àwọn ẹbí ṣe máa ń fa ọmọ lé obìnrin tó ń wojú Olúwa lọ́wọ́, kí ilé rẹ̀ má baà dákẹ́, kò ní í rí ibí yìí bí àjèjì. Ó mọ ìtùnú tó wà níbẹ̀, ó sì mọ ibi tí ìtùnú náà pin sí.

Ibi tí ìwé náà ti le jù lọ kò ju ìwọ̀nba gbólóhùn díẹ̀ lọ. Vandyck Jennings, ẹni tó ń sọ ìtàn, bi olùkọ́ rẹ̀ Somel léèrè bí wọ́n ṣe rí ìwà burúkú fà tu láàrin wọn. Somel dá a lóhùn pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá rí i pé ìwà rẹ̀ kò dára ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó yááfì ọmọ bíbí nítorí ìlú. Ṣùgbọ́n bí ìmọtara-ẹni-nìkan bá mú kó takú pé òun yóò bí i, yóò bí i lóòótọ́, wọn kò sì ní í fi ọmọ náà sílẹ̀ fún un láti tọ́. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu pé ilẹ̀ tó ń bọ ìyá bí òrìṣà ló ń ya ìyá àti ọmọ. Somel fi sùúrù ṣàlàyé pé ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í tìtorí ìfẹ́ yẹn di eyín ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ eyín ló ń gbé e lọ. Ọmọ títọ́, ní tiwọn, ju eyín lọ, ọlọ́wọ́ pípé nìkan ló sì yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Àwọn Yorùbá a máa ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ẹni tó bá fi òwe yìí wo Herland lè rò pé Gilman kò ṣe ju pé ó kọ òwe náà di odidi ìlú. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tó ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ìbáwí ni wọ́n máa ń fi í ṣe, fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ kan wà nínú ìbáwí náà: kò sẹ́ni tó gba ọmọ ọ̀ràn kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Igba ojú inú òwe àkọ́kọ́ wá kún ojú kan ni, wọn kò wá rọ́pò rẹ̀. Ní ìlú Gilman, igba ojú lè pàdé pọ̀ kí wọ́n sì sọ fún ojú kan pé kó yàgò. Níbí ni àlá náà ti yà kúrò lọ́nà, ìdí tó fi yà sì yẹ ní wíwò dáadáa, nítorí pé ìrora tòótọ́ ló bí i.

Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni wọ́n ti bí Gilman ní 1860. Bàbá rẹ̀ fi ìdílé sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ tí ìfẹ́ ti dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn sì pinnu pé òun kò ní í fi ìfọwọ́kàn kẹ́ ọmọ òun, kí ọmọ náà má baà dàgbà di ẹni tí àìrí ìfẹ́ yóò pa lára. Ìgbà tí ọmọ bá ti sùn nìkan ló máa ń gbá a mọ́ra. Gilman sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó kọ fúnra rẹ̀ pé òun máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara òun kí oorun má baà gbé òun lọ, tí òun yóò sì dijú bí ẹni tó ti sùn, kí òun lè jẹ adùn ọwọ́ ìyá òun. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ọmọ tó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ yìí ló dàgbà tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ tí ọmọ kankan kò ti ṣaláìrí ẹni gbé e mọ́ra, kò ní í yá a lára láti ka ilẹ̀ náà sí eré ọpọlọ lásán.

Òun náà wá di ìyá. Ó fẹ́ ayàwòrán kan, Charles Walter Stetson, ní 1884. Ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ Katharine ní 1885. Àìsàn ọkàn tó máa ń bá abiyamọ mìíràn jà lẹ́yìn ìbímọ, ìbátan èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní abísínwín, sì dá a wó. Ní 1887, ó lọ sọ́dọ̀ Silas Weir Mitchell, oníṣègùn tó lókìkí ní Philadelphia, ẹni tó ní kó sinmi, kó jẹun, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, kó má sì fọwọ́ kan kálàmù mọ́ láyé rẹ̀. Ìtọ́jú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di wèrè pátápátá. Láti inú rẹ̀ ló ti fa ìtàn kúkúrú The Yellow Wallpaper yọ, èyí tó jáde ní 1892. Òun àti ọkọ rẹ̀ tú ká ní 1894, lọ́dún náà ló sì fi Katharine tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ àti Grace Channing, ọ̀rẹ́ Gilman fúnra rẹ̀, tí ọkùnrin náà fẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé ìyá tó lè ṣe irú èyí kò ní ojú àánú. Òun alára kọ ọ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kò lè rí ìyá pẹ̀lú ọmọ pa pọ̀ kí omi má bọ́ lójú òun. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Gilman gbọ́, àmọ́ ayé tó wà nínú rẹ̀ kò fún un ní ju ọ̀nà méjì lọ, kó rì mọ́ inú ilé pẹ̀lú ọmọ tàbí kó là láìsí ọmọ. Ìlú tó kọ jẹ́ ọ̀nà kẹta, níbi tí fífi ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò ti ní ẹ̀gàn nínú.

Ìrora tòótọ́ kì í sọ àbá di òtítọ́, ṣá. Ìgbà tí Gilman ń kọ̀wé ni èrò tí wọ́n ń pè ní eugenics gbòde ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé ó yẹ kí ìjọba máa yan ẹni tí yóò bímọ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ bí, kí ìran ènìyàn lè máa sàn sí i; ó sì gba èrò náà wọlé. Ó kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Aryan, ìyẹn ti òyìnbó, ni àwọn obìnrin pípé náà, bẹ́ẹ̀ ní 1908 ó ti dábàá nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ àwùjọ pé kí ìjọba kó àwọn ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tí òun kà sí aláìtẹ̀síwájú jọ sábẹ́ iṣẹ́ àfipáṣe. Ìpínlẹ̀ Indiana ti ṣe òfin ní 1907 pé wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ sọ ẹni tí wọ́n bá kà sí aláìyẹ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Ní 1927, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Virginia, nínú ẹjọ́ Carrie Buck, ọ̀dọ́mọbìnrin aláìní tí wọ́n ní òun, ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò ní làákàyè tó. Vivian, ọmọ náà, wọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé àwọn tó ṣe dáadáa, kó tó kú ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 1932. Àwọn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ní Amẹ́ríkà láàrin ọ̀rúndún ogún lé ní 60,000. Òótọ́ ni pé Gilman kò kọ ọ̀bẹ sínú ìwé rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kọ. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo ìlú jùmọ̀ bẹ ènìyàn kan, tí ìyà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá kọ̀, kò jìnnà sí àṣẹ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí òǹkọ̀wé lè gbà, ìyẹn ni kó má fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìyá rárá tàbí kó kàn fọwọ́ bà á. Ní 1905, Rokeya Sakhawat Hossain, obìnrin Mùsùlùmí láti Bengal, kọ Sultana's Dream sínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní Madras. Ní ilẹ̀ tó lá lálàá, àwọn ọkùnrin ló wà ní ẹ̀hà, àwọn obìnrin ń fi ooru oòrùn se oúnjẹ, wọ́n ń fò lójú ọ̀run, òfin kò sì gbà kí wọ́n fi obìnrin fọ́kọ kó tó pé ọmọ ọdún 21. Ìwé kíkà àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló gbà á lọ́kàn; ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ kò gbà ju àyè díẹ̀ lọ. Rokeya bí ọmọbìnrin méjì, àwọn méjèèjì ló kú ní ọmọ ọwọ́. Kò bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni fi ìdákẹ́ òǹkọ̀wé ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ní rírántí pé ẹni tí kò kọ púpọ̀ nípa ìyá nínú àlá rẹ̀ ló ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Calcutta ní 1911 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ, tó sì di ojú kan láàrin igba fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù sí Gilman dé ní 1976, nínú Woman on the Edge of Time tí Marge Piercy kọ. Consuelo Ramos, tí wọ́n ń pè ní Connie, jẹ́ tálákà obìnrin tó ti ìran Mexico wá ní New York. Ìjọba ti gba ọmọ rẹ̀ Angelina lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó fi ìbànújẹ́ lù ú, wọ́n sì ti gbé e fún ìdílé òyìnbó. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ láìnídìí. Ní báyìí, wọ́n tì í mọ́ ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ. Bí ẹni tó bọ́ láti inú ìwé Gilman ni Connie ṣe rí: òun ni obìnrin tí wọ́n ní kò yẹ. Piercy kò fi àròsọ nìkan dá a. Ní 1975, obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n ti ìran Mexico wá pe ilé ìwòsàn kan ní Los Angeles lẹ́jọ́ pé wọ́n sọ àwọn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́, nígbà tí àwọn mìíràn nínú wọn wà lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò lóye sí wọn níwájú. Ní 1978, adájọ́ kò dá wọn láre.

Láti inú ilé ìwòsàn yẹn ni ọkàn Connie ti ń rìn lọ sí abúlé Mattapoisett ní ọdún 2137, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé oyún, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìyá mẹ́ta, tí ọkùnrin sì lè wà lára àwọn ìyá náà. Ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan, Barbarossa, tó jókòó tó ń fún ọmọ lọ́mú láti inú ọmú tí oògùn mú wú. Inú bí i gidigidi. Lójú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọn kò tíì rí gbà lọ́wọ́ obìnrin ni ọkùnrin yìí gbé sáyà yẹn, àwọn obìnrin sì fọwọ́ ara wọn gbé e fún un. Luciente, tó ń mú un káàkiri, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: agbára kan tí obìnrin ní ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní agbára lórí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Piercy kò pa ìbínú Connie lẹ́nu mọ́. Ó jẹ́ kó jó tán, lẹ́yìn náà ló tó jẹ́ kí Connie rí ọmọbìnrin kékeré kan níbẹ̀ tó jọ Angelina, tó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí àwọn ènìyàn yìí mú ọmọ òun. Ọmọ kan náà tí ìjọba gba lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá fà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí òfin ìlú pípé kan tó lè pa ààlà tó wà láàrin gbígbà àti fífà kalẹ̀ yìí rẹ́.

Iyèméjì ṣì wà nípa Mattapoisett náà. Bí oyún bá ti kúrò lára gbogbo ènìyàn, obìnrin tó bá ṣì fẹ́ gbé e ńkọ́? Ìtàn tòótọ́ ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ni. Ní àwọn kíbútì ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ìyẹn àwọn abúlé alájùmọ̀ní tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Degania ní 1910, ọ̀pọ̀ ló kọ́ ilé àwọn ọmọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn lóru láìsí òbí wọn. Èrò náà dára lẹ́nu, ó sì tú ọwọ́ ìyá sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá kò yé sọ pé àwọn fẹ́ kí ọmọ sùn sílé, ìpàdé abúlé sì gbọ́ níkẹyìn; kó tó di ìparí àwọn ọdún 1990, àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó dára jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹnu àwọn ìyá tólẹ̀ níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe òfin.

Ọ̀rọ̀ yìí ń kúrò nínú ìwé ìtàn díẹ̀díẹ̀. J.B.S. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 1923 pé oyún yóò máa dàgbà lẹ́yìn òde ara. Ní 2017, àwọn dókítà ní Philadelphia gbé ọmọ àgùntàn tí oṣù wọn kò pé sínú àpò tó kún fún omi bíi ti inú ilé ọmọ, wọ́n sì mú wọn wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe láti rọ́pò ìyá. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí Gilman dáhùn lọ́nà òdì ń padà wá: ta ni yóò máa sọ pé obìnrin báyìí yẹ, obìnrin báyìí kò yẹ?

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tó tọ́ fún ìlú pípé kọ́ ni bó ṣe ń yin ìyá tó, nítorí kò sí ìlú tó yin ìyá tó Herland. Ohun méjì ló yẹ kó lè ṣe pọ̀: kí obìnrin tí ọmọ wọ̀ lọ́rùn lè fà á lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìsí ẹni tí yóò pè é ní ìkà, gẹ́gẹ́ bí Gilman ti nílò rẹ̀ ní 1894, kí obìnrin tí gbogbo ìlú sì kà sí aláìyẹ lè dìde, kó kọ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀. Gilman mọ obìnrin àkọ́kọ́ dunjú, nítorí òun gan-an ni. Ìkejì kò rí ju ẹnu Somel lọ nínú ìwé rẹ̀. Kò ní orúkọ, kò sọ gbólóhùn kan, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìdí tó fi takú. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìlú pípé kọ lónìí, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.